Àṣìṣe Bunyod Lọ́wọ́ Àbúrò Rẹ̀

3 Òkúdù

Iṣẹ́ tí mo búra pé mi ò ní gbà mọ́ lọ́dún yìí ni mo tún gbà. Ìyá àgbà Hojar ló wá láàárọ̀ pẹ̀lú garawa èso uryuk pípọ́n kan, ó jókòó lábẹ́ àjàrà wa, kò sì sọ ohun tó bá wá títí tíì fi tán nínú ìkòkò. Ìgbà náà ló ní, "Mavluda, ìwọ lo kọ́ Bunyod. Wá kọ́ àbúrò rẹ̀ náà."

Mo ní ọwọ́ mi ti kún. Ìyá mi yọjú láti ilé ìdáná. "Ọwọ́ wo ló kún? Èyí tó ń ra fóònù lára láti àárọ̀?"

Mo bá ní ó dáa.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí, Oydinoy, fẹ́ ṣe dókítà, Tashkent ló sì ti fẹ́ kà á. Àyè tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ nìkan ló lè gbé e débẹ̀. Tí ìyẹn bá bọ́, àǹtí rẹ̀ ní Namangan ti fi ẹ̀rọ ìránṣọ kan pamọ́ dè é níbi iṣẹ́ wọn, yóò sì ti jókòó sídìí rẹ̀ kí òwú tó là.

Bunyod náà wá àyè yẹn lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló fi pàdánù rẹ̀. Ó gba Rọ́ṣíà lọ, ó ń bá wọn mọlé níbẹ̀, ó ń pè, ó ń fowó ránṣẹ́. Nígbà òtútù tó kọjá, fóònù rẹ̀ dákẹ́. Kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́.

Mi ò fẹ́ràn kí n tún wọ ilé yẹn. Ṣùgbọ́n uryuk náà dùn.

5 Òkúdù

Ìyá àgbà jókòó sí àgbàlá, ó ń fi òwú funfun ṣe ọnà sára fìlà. Oydinoy mú mi wọ yàrá. Búrẹ́dì Bunyod ṣì wà lórí ìṣó, lókè àga tí wọ́n ní kí ọmọ náà ti máa kàwé. Ó ti gbẹ bí àwo. Ibi tó ti gé e jẹ láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ ṣì hàn, ojú eyín rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àlàfo iwájú. Àṣà wa ni pé ó di ọjọ́ tó bá dé kó tó jẹ ìyókù. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, torí búrẹ́dì náà ló ń di ọ̀nà ilé mú fún un.

Mo ní ká gbé àga síbòmíràn. Oydinoy ní, "Màmá àgbà ò ní gbà."

Mo kọ́ ọ ní ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ kọ́ gbogbo wọn. Mú àwọn tó rọrùn kọ́kọ́. Èyí tó bá fẹ́ dá ẹ dúró, fò ó, wàá padà wá bá a. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà níwájú rẹ: má wá èyí tó tọ́, àwọn tó ń parọ́ ni kó o wá. Lé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kù nílé ló nilé.

"Tó bá jẹ́ pé òpùrọ́ méjì ló kù ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Mú èyí tí ẹnu rẹ̀ ò dùn jù."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó ṣeé kọ́ ni.

8 Òkúdù

Mo máàkì ìdánrawò rẹ̀ àkọ́kọ́ nílé, mo sì gbé e sílẹ̀, mo lọ bu omi sójú.

Ohun tí àwọn ọmọ mọ̀ jọra wọn. Ohun tí wọ́n ń ṣì ni kò jọra. Ẹ kó ìwé ìdáhùn ọgọ́rùn-ún wá tí kò lórúkọ, màá ṣa tàwọn ọmọ mi, torí àṣìṣe ọmọ ni ojú rẹ̀. Ojú tó ń wò mí láti inú ìwé Oydinoy kì í ṣe ojú Oydinoy.

Bunyod yára. Kó o tó ka ìbéèrè tán, ó ti dáhùn, á sì tọ́. Ibì kan ṣoṣo ló ti máa ń ṣubú: àwọn ìbéèrè àìdọ́gba, níbi tí a ti ń wá èyí tó pọ̀ ju èyí. Tí a bá fi iye òdì pín apá méjèèjì, ẹnu àmì gbọ́dọ̀ yí padà. Bunyod kì í yí i. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo fi bírò kọ ọ́ sí i látẹ́lẹwọ́. Kì í yí i.

Oydinoy kò yí ẹyọ kan. Àwọn ìṣirò tó kù, ó sáré gba inú wọn kọjá bí ẹṣin. Ó sì fi pẹ́ńsù tọ́ àmì kín-ún kan sí apá òsì lẹ́tà tó mú, kó tó fi bírò kùn ún. Láyé mi, ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

9 Òkúdù

Mo bi í bóyá Bunyod kọ́ ọ ní ìṣirò rí.

"Bunyod wo? Ẹni tó ń pè mí ní orí elégédé? Ó ní kí n lọ máa rán bọ́tìnnì, kí n fi nọ́ńbà sílẹ̀ fún èèyàn."

"Ta ló wá ń kọ́ ẹ láti tọ́ kín-ún síbí?"

Ó wo ìwé náà bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí i nìyẹn. "Èmi ni mo ṣe é?"

11 Òkúdù

Ooru. Ní ọ̀sán, gbogbo àdúgbò dákẹ́. Ajá pàápàá kò gbó. Mo ní kó ṣe ojú ewé kan kí n máa wo aago. Ó parí, ó fi bírò lu tábìlì, ó ní, "Tán!"

Ohùn rẹ̀ ni o, kì í ṣe ohùn ọkùnrin. Ṣùgbọ́n bó ṣe fà á, bó ṣe gé e, bó ṣe fi ìgbéraga díẹ̀ sí i nídìí, mo mọ̀ ọ́n. Kí n tó sọ̀rọ̀, ìyá àgbà ti dáhùn láti àgbàlá, láìgbé ojú kúrò lára fìlà rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń dá ọmọ tó wà nílé lóhùn:

"O ti ṣe tán, Bunyod? Ó dáa, wá jẹun."

Lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró.

15 Òkúdù

Búrẹ́dì yẹn ti kéré sí i. Ojú eyín ò sí mọ́, àlàfo iwájú ò sí mọ́. Wọ́n ti jẹ ẹ́ kọjá ibẹ̀. Mo rò pé èkúté ni, mo sì fẹ́ fi í sínú, àmọ́ ìyá àgbà rí ibi tí mo ń wò.

Ó fà mí mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ náà ti rí i? Ó ń wá jẹ ẹ́. Ebi ń pa á lójú ọ̀nà ni. Má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà dẹ́rù bà á padà."

Inú rẹ̀ dùn. Mo rìn lójú oòrùn délé, òtútù ṣì ń mú mi.

17 Òkúdù

Mo dé ṣáájú àkókò. Oydinoy dúró lórí àga, ó fi ọwọ́ kan di ìṣó mú, ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó rí mi, ó gbé e mì láìjẹ ẹ́ kúnná, ó sì wúkọ́ títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ìwọ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"O mọ ohun tó ò ń jẹ?"

"Nígbà tí dókítà àgbà kan wá kí wa lọ́jọ́sí, ta ló sáré lọ jẹ àjẹkù rẹ̀? Gbogbo aládùúgbò. Wọ́n ní kí n jẹ ẹ́ kí ọgbọ́n rẹ̀ lè ràn mí. Bunyod ni orí ìṣirò ilé yìí. Mo ní tí mo bá jẹ díẹ̀díẹ̀..."

"Ti dókítà, àjẹkù ni. Èyí kì í ṣe àjẹkù. Ẹni tó ni ín ò tíì jẹun tán!"

"Mo mọ̀." Ó sọ ọ́ bí ọmọdé. "Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ó ṣiṣẹ́."

Ó ní láti ìgbà tí yìnyín yọ́ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí ògiri ni òun kọ́kọ́ ń hó jẹ. Ó ní kì í ṣe ohùn ló ń gbọ́. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá jókòó ti èèyàn lápá òsì, tí ara onítọ̀hún ń gbóná, tó sì ti mọ ìdáhùn. Ọwọ́ òun á ti tọ́ pẹ́ńsù síbẹ̀ kí ojú òun tó kà á tán.

Aṣọ ẹnu ọ̀nà mì. Ìyá àgbà ti wà níbẹ̀, mi ò mọ ìgbà tó débẹ̀. Kò pariwo. Ó gun àga fúnra rẹ̀, ó sọ búrẹ́dì náà kalẹ̀, ó fi ìborí wé e, ó tì í mọ́ inú àpótí rẹ̀.

"Máa lọ sílé, Mavluda."

20 Òkúdù

Kò sí ẹ̀kọ́. Owó tòmátì ti já wálẹ̀. Ìyá mi ní, "Wọ́n lé ẹ ni?"

22 Òkúdù

Ìyá àgbà tún wá, láìgbé garawa. Kò fẹ́ tíì.

"Oydinoy ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ìṣirò tó ń ṣì yẹn. Bí Bunyod ṣe máa ń ṣì í náà gẹ́lẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò sẹ́lòmíràn tó ń ṣì í bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn kan ń ṣì í. Wọ́n á ṣì í lónìí, wọ́n á gbà á lọ́la. Òun nìkan ni kì í gbà á láéláé."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó wà níbìkan, nígbà náà. Mo bínú sí ọmọbìnrin yẹn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, àfi bí mo ṣe rò ó pé: níbo ni mo ti gbúròó ọmọ mi láti ìgbà òtútù? Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ lọ. Inú àṣìṣe yìí nìkan ni mo ti gbọ́ ọ. Wá máa kọ́ ọ lọ. Nígbàkígbà tó o bá parí, kó o sọ fún mi bó bá ṣì í."

"Ìyá àgbà, tó bá ń ṣì í, kò ní wọlé."

"Kó wọlé. Kó sì máa ṣì í."

"Méjèèjì ò lè bára wọn gbé."

"Ṣebí ìwọ lo lọ kàwé lókè òkun? Wá ọgbọ́n sí i."

24 Òkúdù

Mo wá ọgbọ́n sí i, Ọlọ́run má kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ fún mi.

Mo ní kí Oydinoy jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tọ́ pẹ́ńsù síbi tó bá fẹ́, kó má bá a jà. Nínú àwọn ìbéèrè yòókù, kó kùn ún, á tọ́. Ṣùgbọ́n níbi àìdọ́gba, ibi tí pẹ́ńsù bá tọ́ sí ni kó kọ́kọ́ fagi lé. Ó kéré tán, òpùrọ́ kan ti jáde nílé. Lẹ́yìn náà, kó yí ẹnu àmì padà bí mo ṣe kọ́ ọ, kó mú nínú mẹ́ta tó kù. Ìyá àgbà ló ni pẹ́ńsù, àwọn olùdánwò ló ni bírò.

Ó gbìyànjú rẹ̀. Ó gba gbogbo rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó fagi lé èyí àkọ́kọ́, ó dúró, ó wo apá òsì rẹ̀.

"Ṣé kò ní bínú?"

"Ta ni?"

"Ẹni tí à ń fagi lé."

Mo ní kó máa wo ìwé rẹ̀.

29 Òkúdù

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Tí mo bá jáde sí àgbàlá, ìyá àgbà á gbé fìlà sílẹ̀.

"Ó ṣì í?"

"Ó ṣì í, mà."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Olórí kunkun!" á sì máa rẹ́rìn-ín. "Bàbá rẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ wá jẹ bàrà."

Lónìí, lẹ́yìn tó rẹ́rìn-ín tán, ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Tó bá wá wọlé, tó lọ sí Tashkent, ta ni yóò máa sọ fún mi?" Oydinoy ń da omi sí ẹsẹ̀ òdòdó. Mo mọ̀ pé ó gbọ́ ọ.

3 Agẹmọ

Iná ò sí láti àná. Ooru ogójì ọjọ́ tó máa ń dé lọ́dọọdún ti wọlé gan-an, àjàrà pàápàá ń ká ewé rẹ̀. Bàrà ò níye lórí mọ́, wọ́n ń bẹ èèyàn kó gbé e. Máàkì Oydinoy ti kọjá ti ẹni tó gba àyè ọ̀fẹ́ kẹ́yìn lọ́dún tó kọjá. Ó pariwo, ó dì mọ́ mi. Ó ní tí òun bá dé Tashkent, òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó ti òun lápá òsì.

Ìyá mi ní, "O ń jẹun nílé yẹn?"

"Bàrà nìkan."

"Bàrà náà, má jẹ ẹ́ mọ́."

8 Agẹmọ

Nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Oydinoy mú bírò, ó ń ka ìbéèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ètè rẹ̀ ń mì. Kò sí ìyára. Mo wá ojú pẹ́ńsù láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò rí ẹyọ kan.

"Kò wá," ló wí. "Apá òsì tutù."

Ó gba àìdọ́gba méjì nínú mẹ́rin, ó ṣi méjì, àṣìṣe tuntun tí mi ò mọ̀ rí. Tirẹ̀ ni. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Ìyá àgbà gbé fìlà sílẹ̀. "Ó ṣì í?"

Mo ní, "Lónìí, a ò ṣe ìṣirò."

12 Agẹmọ

Kò tíì wá. Mo ti parọ́ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó tẹ̀ lé e sì rọrùn. "Ó ṣì í, Ìyá àgbà, gbogbo rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Olórí kunkun," ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lójú mi.

Oydinoy sìn mí dé ẹnu géètì. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ibi tí mo jẹ tán ni ọ̀nà rẹ̀ parí sí?"

Mo ní kó lọ ka ìwé nípa ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn, òun ló kù díẹ̀ káàtó fún un. Nígbà tí mo dé orí afárá, mo jókòó.

15 Agẹmọ

Ìṣirò rẹ̀ ti ń gbé ara rẹ̀ dìde. Kò yára, ṣùgbọ́n ó tọ́. Tí kò bá bẹ̀rù, yóò wọlé.

18 Agẹmọ

Ọjọ́ ìdánwò. Gbọ̀ngàn ìṣeré ìdárayá ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn ọlọ́pàá ń yẹ bàtà àti irun àwọn ọmọ wò lẹ́nu ọ̀nà, àwọn òbí sì kún abẹ́ igi lódìkejì, oníkálùkù pẹ̀lú omi àti àdúrà. Ìyá àgbà mú fìlà rẹ̀ dání, ṣùgbọ́n kò fi abẹ́rẹ́ kàn án. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ṣé o sọ fún un pé tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó mú C?" Ọkọ rẹ̀ ní, "Kí ló dé tó jẹ́ C?" "Torí C ni èmi mú nígbà ìdánwò tèmi, mo sì rí ọ fẹ́!"

Oydinoy wà lára àwọn tó jáde kẹ́yìn. Ojú rẹ̀ funfun. Ó kọjá lára ìyá àgbà, ó wá sí ọ̀dọ̀ mi.

"Ó wá."

"Nígbà wo?"

"Ní ìkẹyìn pátápátá. Àìdọ́gba kan ṣoṣo ni mo fò kọjá, mo padà wá bá a, wọ́n sì ti ń pariwo pé ká gbé bírò sílẹ̀. Mi ò ráyè ṣírò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni apá òsì mi gbóná, ọwọ́ mi sì ti tọ́ sí B." Ó mí kanlẹ̀. "Mo fagi lé e, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mo kun D."

Mo ní, "O ṣeun. Bó ṣe yẹ kó o ṣe é nìyẹn."

21 Agẹmọ

Àbájáde ti jáde. Mi ò tíì rí ọjọ́ tó rí báyìí rí, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe lọ.

Oydinoy pè mí pé kí n máa bọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, fóònù wà lórí tábìlì, òun àti ìyá àgbà jókòó tì í bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn. Kò gba àyè ọ̀fẹ́. Ohun tó fi ṣubú kò tó máàkì ìbéèrè kan.

Ó ní, "Bíi ti Bunyod."

Mo béèrè ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn. Ó rántí rẹ̀, kò sì sí bí kò ṣe ní í rántí. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn páálí tíì pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀. Mo kó apá kan lọ sí ọ̀tún, mo fi iye òdì pín in, mo yí ẹnu àmì padà.

B ni.

Mo tún un ṣe. Mo gba ọ̀nà mìíràn. B ni. D ni yóò jẹ́ fún ẹni tí kò bá yí àmì padà.

Mi ò lè gbé orí sókè. Èmi ni mo kọ́ ọ láti fagi lé e. Àwọn ọjọ́ tí kò wá yẹn, mo rò pé ó ti lọ ni. Kò wá sí mi lọ́kàn pé nǹkan mìíràn lè fà á.

Ìyá àgbà ní, "Sọ̀rọ̀."

Mo sọ ọ́. Mo ní ohun tí Bunyod mú ló tọ́, pé àwa la fagi lé e, pé ìfagilé yẹn ló gba àyè náà lọ́wọ́ Oydinoy.

Kò gbọ́ apá tó kẹ́yìn yẹn rárá. "Ó yí i padà?"

"Ó yí i padà, mà."

"Èyí tí kò yí padà rí láyé rẹ̀? Èyí tó o fi bírò kọ sí i látẹ́lẹwọ́?"

"Òun ni."

Ó dìde. Ó di orí Oydinoy mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó fẹnu kò ó lórí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Òkú kì í kẹ́kọ̀ọ́! Ibi tó bá dúró sí ló máa wà títí láé. Ẹni tó bá kọ́ nǹkan tuntun, ó wà láàyè! Ọmọ mi wà láàyè!" Ó jáde sí ojú títì láìwọ bàtà.

Kò pẹ́ tí ìkòkò ìrẹsì palov fi dé orí iná. Àwọn aládùúgbò ń wọlé, wọn ò béèrè ohunkóhun, wọ́n ti mọ̀ pé ọjọ́ àbájáde nìyí. Zumrad ará ilé kejì gbá Oydinoy mọ́ra. "Dókítà wa! Mo mọ̀! Mo sọ fún ọkọ mi pé ọmọ yìí, ojú rẹ̀, ojú dókítà ni! Ẹ̀yìn mi tó ń dùn mí yìí, ìwọ lo máa kọ́kọ́ wò ó o."

Oydinoy wo ìyá àgbà. Ìyá àgbà ń pín ìrẹsì, ojú rẹ̀ ń dán. Oydinoy ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì bu tíì fún un. Ó bu fún gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé òun kò wọlé.

Zumrad mú mi ní apá. "Mavluda, ọmọkùnrin tèmi náà ń ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Bó o ṣe kọ́ eléyìí gẹ́lẹ́ ni kó o kọ́ ọ."

22 Agẹmọ

Oydinoy ló wá bá mi. Ìyá àgbà ti pe Namangan, ó ní kí àǹtí fún ẹlòmíràn ní ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn.

"Ó ní mi ò lọ síbì kankan. Ó ní kí n máa ṣe ìdánwò náà lọ́dọọdún." Ó ń fi èékánná ya ìdí aṣọ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i? Tí mo bá wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, kò ní gbà kí n lọ. Tí mi ò bá wọlé, kò ní gbà kí n lọ."

Mo ní màá bá a sọ̀rọ̀.

24 Agẹmọ

Mo tẹ ìbéèrè tuntun, gbogbo ẹ̀ka: ìṣirò, ẹ̀dá alààyè, kẹ́míkà. Ìyá àgbà jókòó sí àgbàlá, ó ń dúró.

Oydinoy kò fagi lé nǹkan kan. Kò ka nǹkan kan pàápàá. Mo wo ojú rẹ̀: ara ògiri ló ń wò, pẹ́ńsù sì ń lọ, kín-ún, kín-ún, kín-ún, ojú ewé kan, ojú ewé kejì. Ọ̀sán gangan ni, yàrá náà sì tutù bí ihò kànga. Nígbà tó parí, kò sọ pé "Tán." Ó kàn gbé ọwọ́ sórí itan.

Mo máàkì rẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìṣirò, gbogbo rẹ̀ tọ́. Ẹ̀dá alààyè, gbogbo rẹ̀ tọ́, bẹ́ẹ̀ Bunyod kò mọ ẹ̀dọ̀ yàtọ̀ sí kíndìnrín. Kẹ́míkà, gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí èmi fúnra mi tẹ ìdáhùn rẹ̀ ní òdì. Ó kọ ti ìwé mi, ó mú èyí tó tọ́.

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni, mi ò tíì rí ẹni tó wà láyé tí kò ṣi ẹyọ kan.

Oydinoy ń wo ojú mi. Ó ti kà á níbẹ̀. "Kò ku èmi kankan nínú rẹ̀ mọ́, àbí?" Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. "Kò sì ku òun náà."

"Mavluda!" Ìyá àgbà ń pè láti àgbàlá. "Báwo ló ṣe é?"

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń gbé ara rẹ̀ nílẹ̀, bó ṣe ń wá bàtà rẹ̀.

Oydinoy fa ìwé náà kúrò lọ́wọ́ mi. Ó wá ìbéèrè ìṣirò tó rọrùn jù níbẹ̀, èyí tí ọmọ kékeré á gbà. Ó fi rọ́bà pa ojú pẹ́ńsù náà rẹ́, ó fẹ́ eruku rẹ̀ kúrò. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí èyí tí wọ́n ń fà, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì í mọ́ tábìlì, ó sì kun ìdáhùn tí kò tọ́, ó kùn ún dúdú, ó kùn ún títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Aṣọ ẹnu ọ̀nà ṣí.

"Ṣé ó ṣì í?" ni ìyá àgbà wí.

Mo wo ìwé náà. "Ó ṣì í, mà. Ẹyọ kan."